Imú Ọ̀gá Bánkọ́lé àti Tèmi

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń wá bá mi. Wọ́n á ní, "Ìyá, a gbọ́ pé ẹ ti ṣe súṣì rí ní Lẹ́kí. Àwa náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ alásè." Wọ́n ti rí àwọn kan nínú fóònù tí wọ́n wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gígùn gé ẹja bí ẹni ń gé bọ́tà, wọ́n wá rò pé iṣẹ́ náà nìyẹn. Mo máa ń wò wọ́n, inú mi kì í sì í dùn. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni èèyàn ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tán. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó tọ́ àwọn ọmọ mi. Ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo fẹ́ràn, kò dá a padà títí ẹni náà fi lọ.

Etí ọ̀sà lẹ́yìn Ajah ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń yan ẹja tà, imú mi ni wọ́n sì fi ń ya ẹja àná sọ́tọ̀ kúrò lára tòní. Tí wọ́n bá ra ẹja dé, wọ́n á ti ọ̀kan sí mi nímú, wọ́n á ní, "Bọ́sẹ̀, kí lo gbọ́?" Mo máa ń rò pé gbogbo ọmọ ló ń gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo ń gbé edé ńlá àti akàn lọ sí ẹ̀yìn àwọn ilé oúnjẹ olówó tó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní Lẹ́kí, nígbà tí ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn àti koríko. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gá Bánkọ́lé ti rí mi tí mo yọ ẹja kan nínú abọ́ ara mi tí mo sọ ọ́ nù.

"Kí ló dé tí o sọ ọ́ nù?"

"Ó ti ń yí padà, sà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹja náà, wọ́n ṣí ibi pupa tó wà lábẹ́ etí ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù kò tó nǹkan, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá Bánkọ́lé, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ ará Japáànù kan tó kọ́ wọn ní súṣì, ìyẹn ẹja tí iná ò kàn tí wọ́n ń gé lé ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n padà wálé, ọlọ́lá tó ni ilé oúnjẹ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Alága, kó ilé ìdáná ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá máa ń sọ fún ẹni tuntun kò ju ẹyọ kan lọ: "Ojú ẹja lè tàn ẹ́ jẹ, ọwọ́ ẹ lè tàn ẹ́ jẹ. Imú ni kí o gbà gbọ́."

Ẹ má bèèrè bí wọ́n ṣe le tó. A ò gbọdọ̀ fi lọ́fíńdà sára wá síbi iṣẹ́. A ò gbọdọ̀ fi róòbù pa iwájú, bí orí tilẹ̀ ń fọ́ wa. Wọ́n lé ọkùnrin kan padà sílé nítorí pé ó jẹ àlùbọ́sà ní àárọ̀. Tèmi tún yàtọ̀, nítorí pé ìjọ aláṣọ funfun ni mo wà. Lọ́jọ́ kan mo ti ìsìn òwúrọ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, mi ò tíì wọlé tán tí Ọ̀gá fi gbójú sókè.

"Ta ló ń jó nǹkan níbí?"

Wọ́n rìn yí wa ká títí wọ́n fi dúró lẹ́yìn mi. "Ìwọ ni. Orí ẹ ń rùn."

"Tùràrí ni, sà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò bá Ọlọ́run jà. Àmọ́ tí tùràrí bá wà nínú irun ẹ, kí lo fẹ́ fi gbọ́ ẹja? Lọ fọ orí."

Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà níta ni mo ti fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ orí, nínú ọyẹ́, tí àwọn onímọ́tò ń wò mí. Mo sunkún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń we gèlè lé gèlè lọ sí ìsìn, tí mo sì ń dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá ìjọ wa bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀mí tó wà nínú mi ló ń sá fún tùràrí.

Ìrẹsì náà ńkọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n se ìrẹsì súṣì, mo ṣe é bí ìyá gbogbo wa ṣe kọ́ wa nílé. Mo jẹ́ kó hó, mo da omi ẹ̀ nù, mo fi omi tútù ṣàn án, mo tún gbé e padà síná. Mo tilẹ̀ ń yọ̀ pé ó ta sẹ́sẹ́. Ọ̀gá wo inú ìkòkò, wọ́n dijú. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ nínú ìrẹsì yìí lo dà sínú gọ́tà yẹn." Ìrẹsì tí ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí ìyá mi ì bá tìtorí ẹ̀ gbá mi létí. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà á.

Òfin tó tóbi jù lọ tún wà. Tí ẹja bá dé, Ọ̀gá á gbóòórùn ẹ̀ níwájú gbogbo wa. Tó bá dáa, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Tí wọ́n bá ti gbá tábìlì, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ fi imú kan ẹja yẹn. Ẹnì kan nínú wa, Múfútàù, fi imú kàn án lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò dà bí ẹni pé..." Kò parí ẹ̀. Ọ̀gá tú épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n fi lé e lọ́wọ́: "Ó yá, ìwọ ni ọ̀gá. Máa darí wa." Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, a bá a bẹ̀bẹ̀ títí, síbẹ̀ ìta ló wà títí a fi palẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sẹ́ni tó dán an wò. Kò sì sẹ́ni tó rò pé ohun tó burú ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nílé náà nìyẹn, àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ọmọdé tún máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn oníbàárà wa, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mí nígbà yẹn. Lọ́yà kan láti VGC dá àwo ẹ̀ padà, ó ní ká lọ jẹ́ kó jiná. Alhája kan kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí Ọ̀gá fúnra wọn fi jáde lọ sọ fún un pé kò sí ọtí nínú ìrẹsì náà, fínígà ni. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń mú àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá, tí wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mú ẹja bí ẹni tí wọ́n bí sí Japáànù. Wọ́n á ya fọ́tò àwo náà títí ẹja á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, Ọ̀gá á máa fi ojú ihò ilẹ̀kùn wò wọ́n, wọ́n á máa mí kanlẹ̀.

Ohun èlò yí padà lójú mi. Kúlà àti yìnyín olódidi la fi bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn á máa fi òòlù fọ́ ọ títí apá á fi kú. Firísà tó tó yàrá dé, jẹnẹrétọ̀ tó ń tan ara ẹ̀ dé, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá dé. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ò kọ nǹkan sórí ìwé mọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sójú ẹ̀rọ kan tó dà bíi fóònù ńlá. Gbogbo ẹ̀ náà ni Ọ̀gá gbà wọlé. Imú nìkan ni wọn ò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gba ipò ẹ̀.

Àìsàn kòrónà wá dé. Wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa, kálukú jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, púpọ̀ nínú wa ni Alága ò pè mọ́. Wọ́n pe Ọ̀gá, wọ́n pe èmi, wọ́n pe Gàníyù tó ń gé ẹja, àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn. Ọ̀gá ti ṣàìsàn náà nílé, wọ́n ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ara wọn ti yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn yòókù tó dé, wọ́n pè mí sí ìdí síǹkì. Wọ́n ṣí ìgò fínígà, wọ́n gbé e sí abẹ́ imú wọn, wọ́n fà á símú bí ẹni pé omi ni. Ojú wọn ò ṣẹ́.

"Bọ́sẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń dán mi wò. "Ọ̀gá, fínígà nìyẹn o."

"Mo mọ̀ pé fínígà ni. Mo kà á lára ìgò." Wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀. "Láti ìgbà àìsàn yẹn ni. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ṣì wà ní yunifásítì. Tí Alága bá gbọ́, ẹ̀yìn géètì ni mo máa bá ara mi."

"Ìyàwó yín mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwọ nìkan."

Mi ò ronú lé e lórí. Mo ní, "Ẹ máa gbóòórùn ẹja yín bí ẹ ṣe ń gbóòórùn ẹ̀, sà. Èmi á wà lápá òsì yín." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí ẹja bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá wọn gbé e. Tó bá dáa, mo máa fi aṣọ nu tábìlì, wọ́n á sì gbá a. Tí kò bá dáa, mi ò ní nu nǹkan kan, wọ́n á ní kí wọ́n dá a padà. Kò sẹ́ni tó fura. Nígbà mìíràn tí ẹja bá ń ta sánsán bí ara òkun, mo máa ń wo ojú Ọ̀gá, àánú wọn á sì ṣe mí. Èèyàn tó fi imú ṣe gbogbo ayé ẹ̀!

Nígbà tó ṣe, ìyàwó ọmọ àbígbẹ̀yìn mi fẹ́ bímọ, ọ̀ràn náà sì le. Wòlíì ní kí èmi àti ìyá tó bí i wá máa gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà, ká má jáde, ká má sì fọwọ́ kan fóònù títí ọmọ á fi wáyé. Mo sọ fún Ọ̀gá.

"Lọ. Firísà kún. Mi ò ní gba ẹja tuntun títí o máa fi dé."

"Ẹ ṣèlérí, sà."

"Bọ́sẹ̀, lọ gbàdúrà fún ọmọ ẹ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu Gàníyù ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá ọ̀rẹ́ Alága, ìyá àgbà kan láti VGC, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti fẹ́ jẹun ọ̀sán. Alága fúnra ẹ̀ ló pàṣẹ ẹja túnà tuntun láti òkè òkun, kò bi Ọ̀gá. Ẹ̀rọ amúǹkantutù tó wà nínú mọ́tò tó gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Awakọ̀ mọ̀, ẹ̀rù bà á, kò sọ. Nígbà tí túnà náà dé, kò ní orí, kò ní ojú tí èèyàn lè wò, ẹran pupa lásán ni nínú ọ̀rá. Alága ń ti ìta ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe kíá. Àwọn àlejò ti ń wọlé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Gàníyù ní wọ́n wo apá òsì wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbá tábìlì.

Gàníyù ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. "Àǹtí Bọ́sẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ ló ti ń ta mí nímú."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀gá ti gbá tábìlì! Ta ló fẹ́ sọ fún Ọ̀gá Bánkọ́lé pé ẹja rà? A rò pé bóyá báyẹn ni tòkè òkun ṣe ń rí. A kó jínjà lé e, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i."

Ìmọ̀ràn àwọn tó bẹ̀rù àgbà nìyẹn. Gbogbo ilé ìdáná tó kún fún imú tó dáa, wọ́n dúró ti imú kan ṣoṣo tó ti kú.

Wọn ò tíì gé kéèkì tí ojú ìyá àgbà náà fi pọ́n kuku, orí ń fọ́ ọ, àyà ẹ̀ ń lù. Àwọn ọmọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì lórí aṣọ tábìlì funfun. Ìyá náà ṣubú kúrò lórí àga. Mọ́tò ara wọn ni wọ́n fi gbé ara wọn lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run bá wa ṣé, gbogbo wọn padà sílé láàyè.

Ìyàwó ọmọ mi bí lálàáfíà. Mo gbé ayọ̀ yẹn dé ẹnu iṣẹ́, mo bá géètì ní títì, mo bá Alága nínú ilé ìdáná tó to gbogbo wa sí ìdúró.

"Ta ló gba ẹja yẹn wọlé?"

"Èmi ni," Ọ̀gá dáhùn. "Mo gbóòórùn ẹ̀. Mo ní ó dáa."

"Bánkọ́lé, ìwọ? Awakọ̀ pàápàá jẹ́wọ́ pé òórùn ẹ̀ ti gba inú mọ́tò! Èló ni àwọn tó tà á fún wa fún ẹ?"

Ọ̀gá tú épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n gbé e lé orí tábìlì. Mo la ẹnu. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wo Múfú níjọ́sí, mo sì pa á dé. Mo tẹ̀lé wọn jáde dé ìdí mọ́tò wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Wọ́n á máa pè yín ní olè!"

"Jẹ́ kí wọ́n pè mí." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu wọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rò ó tán. "Alásè tó jalè, ó ṣì lè rí ẹni tó máa gbà á, torí pé ó mọ iṣẹ́. Alásè tí ò gbóòórùn, ta ló fẹ́ gbà á? Mi ò fẹ́ kí o sọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́sẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n. Àwọn onílé oúnjẹ Lẹ́kí mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣáájú wọn dé gbogbo ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n kó kúrò ní ilé tí wọ́n ń gbé ní Abraham Adésànyà, wọ́n lọ gba fúláàtì kékeré ní Jákàńdè. Inú bí mi sí wọn, kí n má purọ́. Inú bí mi sí Alága, sí Gàníyù, sí awakọ̀ yẹn. Mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, nítorí mo ní àwọn tí mò ń bọ́.

Ọ̀gá tuntun ni wọ́n gbà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé, tó sì mọ̀wà hù. Kò sí ẹja etí òkun mọ́. Gbogbo ẹ̀ ń wá nínú ọ̀rá, ó gan bí òkúta, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbóòórùn ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó rọra fà mí sẹ́yìn. "Màmá, ẹ gbé imú yín kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìmọ́tótó." Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn bí nǹkan ṣe tutù tó bọ ẹja náà, ó ka iye tó wà níbẹ̀, ó ní ó dáa. Ó sì dáa lóòótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo máa ń lọ kí Ọ̀gá ní Jákàńdè. Ọjọ́ kan wà tí mo gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wọn, òórùn ìjóná ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo já wọlé. Ọ̀gá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ka Bíbélì, ara balẹ̀. Mo sáré kọjá lára wọn wọ ilé ìdáná, mo pa gáàsì. Ẹ̀wà ti di èédú.

"Kí ló jó?" Ọ̀gá ti dìde.

"Ẹ̀wà ni, sà."

Wọ́n jókòó padà. Wọ́n fi Bíbélì bojú. Mi ò rí i kí Ọ̀gá Bánkọ́lé sunkún rí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n jókòó tì wọ́n.

Ìyàwó wọn, Ìyá Rẹ̀mí, ti ìsàlẹ̀ wọlé pẹ̀lú garawa omi. "Ha! Ẹ jókòó síbí, ẹ̀wà jóná mọ́ yín lórí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní òórùn ọbẹ̀ mi ń pè yín láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn!"

"Mo sùn lọ ni," Ọ̀gá dáhùn.

Ó kọjú sí mi. "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí wọ́n ń yin imú yín kiri?"

Ojú Ọ̀gá wà lára mi. Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ọjọ́ ogbó ni. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn mọ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó lọ ń ha ìkòkò. Láti inú lọ́hùn-ún ló ti ń sọ ọ́, bí ẹni ń bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀, pé òun fẹ́ ọkọ tó dáa, àfi ọ̀ràn owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Wọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ọ̀gá Bánkọ́lé ti lọ báyìí. A ti sin wọ́n. Mo dúró létí sàréè, mo gbọ́ bí Ìyá Rẹ̀mí ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run fún ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ ẹ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Tí ẹ bá gbóòórùn ohun tó rà, ẹ sọ ọ́, ẹni yòówù kó ti gbá tábìlì. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tiyín.

Ìyá Rẹ̀mí, ọkọ yín ò jalè. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni wọn ò ti gbóòórùn nǹkan kan mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀. Gbogbo ọbẹ̀ tí ẹ sè láti ìgbà náà, tí wọ́n ń yìn, tí wọ́n ní òórùn ẹ̀ ló ń pe àwọn, wọn ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Ojú yín ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń yìn ín.